Aṣọ Sójà Tí Mo Wọ̀ Lọ Pa Tòlótòló

Dádì mi àtàtà,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tẹ́ ẹ wà. Mo ti pa á! Akọ tòlótòló igbó, ńlá, irùngbọ̀n tó so mọ́ àyà ẹ̀ gùn ju ti pásítọ̀ wa lọ. Ìbọn kan ṣoṣo ni mo yìn. Ẹ̀yin lọ sígbó yẹn títí, ìyẹ́ lásán lẹ ń ṣà bọ̀. Ẹ má bínú o, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọmọ yín tí wọ́n ní kò parí háì sùkúù ló ṣe é.

Mo sì mọ ìdí tẹ́ ò fi rí i pa. Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń fi ewé ra apá kẹ́ ẹ tó wọgbó, tẹ́ ẹ á fitọ́ sí ìka, tẹ́ ẹ á nà án sókè láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí? Bẹ́ ẹ ṣe ń dọdẹ ọ̀yà n'Ìsẹ́yìn lẹ̀ ń ṣe yẹn! Tòlótòló kì í gbóòórùn èèyàn. Ojú ló ní, ojú ẹ̀ sì mú ju ti Mọ́mì lọ nígbà tí mo bá pẹ́ wọlé. Ẹ wá ń wọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù ibi iṣẹ́ yín lọ jókòó sábẹ́ igi, ẹ ń tàn bí iná mọ́tò. Bọ̀dá Rótìmí, ọ̀rẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ máa ń lọ, sọ pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ lòun máa ń gbàdúrà. Pupa, funfun àti búlúù ni orí akọ tòlótòló. Ọdẹ míì tó bá rí ọ̀kan nínú wọn láàárín ewé lè yìnbọn lù yín. Ó ní òun sọ ọ́ títí, ẹ ò gbọ́. Kí ló dé tẹ́ ò gbọ́?

Àbí Mọ́kọ́lá ló ṣì ń bà yín lẹ́rù? Mọ́mì ò yé sọ ìtàn yẹn. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra yín nígbà yẹn, ẹ ra ṣòkòtò kámò, aláwọ̀ aṣọ sójà, ní òkìríkà, ẹ wọ̀ ọ́ láti fi ṣe fáàrí fún un. Làwọn sójà bá dá yín dúró ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, wọ́n ní kẹ́ ẹ máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú ìyàwó àfẹ́sọ́nà, wọ́n sì bọ́ ṣòkòtò lọ. Ìborùn Mọ́mì lẹ ró délé. Látọjọ́ yẹn, kámò ò wọ ilé yín mọ́. Ẹ tún wá lọ ra ilé sí Camp Springs ní Amẹ́ríkà níbí, níbi tí sójà òfúrufú pọ̀ bí erùpẹ̀!

Ìgbà ìrúwé yìí ni Bọ̀dá Rótìmí mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ọdẹ. Dádì, ẹ ò tíì rí nǹkan. Bí ẹni wọ ọjà Gbági ni! Èyí rí bí èèpo igi, èyí bí koríko, èyí bí ewé gbígbẹ. Mo mú aláwọ̀ ewé gbígbẹ, ó bá mi mu gan-an, mo ti ń yan níwájú dígí. Bọ̀dá Rótìmí fà mí léjìká.

“Àbúrò, ṣé ọdẹ lò ń lọ ṣe àbí fọ́tò? Igbó ti tutù yọ̀yọ̀, ìwọ fẹ́ dá gbẹ láàárín ẹ̀.”

Bá a ṣe mú aláwọ̀ ewé tútù nìyẹn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti àwọ̀n ìbojú. Mo na ọwọ́ sí sọ́ọ̀kì funfun, ó gbà á lọ́wọ́ mi.

“Orí tòlótòló nìyẹn lẹ́sẹ̀ ẹ. Ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n á yìnbọn sí.”

Bá a ṣe délé, Mọ́mì rí báàgì.

“Gbé aṣọ sójà yìí jáde nílé mi! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá kó ẹ ni?”

“Mọ́mì, Amẹ́ríkà la wà.”

“Ṣé Amẹ́ríkà ò ní sójà ni?”

Mo lè yọ́ lọ, ẹ mọ̀ mí. Àmọ́ mi ò lè gbébọn wọgbó láìjẹ́ pé Mọ́mì gbàdúrà lé mi lórí. Àsìkò ọdẹ sì ń lọ sópin. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ sọ́run, Dádì, Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín tó dénú mọ́. Mo kàn fẹ́ gbé ẹran náà lé e lọ́wọ́, kó rí i pé ilé yín ò tíì dákẹ́.

Mo wá dọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì náà, mo fi súwẹ́tà bò ó, mo gbé Mọ́mì lọ ra ìrẹsì. Nígbà tá a yà sílé epo, mo bọ́ súwẹ́tà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, kó lè fojú ara ẹ̀ rí i pé kò sẹ́ni tó máa mú mi. Àfi bí sójà kan tó wọṣọ iṣẹ́ ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹ̀, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tààrà. Mọ́mì fò jáde, ó nawọ́ méjèèjì bò mí.

“Ọ́físà, plíìsì! Ọmọ mi kan ṣoṣo ni! Kò parí ilé ìwé, kò mọ nǹkan kan!”

Gbogbo ilé epo ló gbọ́, Dádì! Sójà náà yanu.

“Mà, mo kàn fẹ́ bi í níbi tó ti rà á ni. Èmi náà ń lọ pa tòlótòló.”

Mọ́mì wò ó. Ó wò mí. Ó tún wò ó. Lẹ̀rín bá bú jáde, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

“Háà! Bàbá ẹ mà jìyà lásán o!”

Ọjọ́ yẹn ló gbàdúrà fún mi. Ó tún fún mi ní áńkáṣíìfù tí pásítọ̀ fi òróró yà sí mímọ́. Funfun báláú! Ṣé mo lè ní mi ò gbà? Inú bàtà ni mo tì í sí. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run.

Oko ojúlùmọ̀ Bọ̀dá Rótìmí kan lápá Brandywine la lọ. Mo fẹ̀yìn ti igi. Bọ̀dá Rótìmí ń fa ìdérí àpótí kékeré kan tó ń ké bí abo tòlótòló, kí akọ lè gbọ́ kó wá. Ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ etí mi yó, mi ò mira, èmi tẹ́ ẹ ní kò lè jókòó gbọ́ ìwàásù! Akọ náà yọ, ó na ìrù, ó ń yan bí olówó. Ó wo ojú mi kòrókòró. Ewé ló rí.

Ẹran ẹ̀ le o. Mọ́mì sè é títí, ó da ata sí i, a jẹ ẹ́, Bọ̀dá Rótìmí lá àwo.

Bí mo ṣe ń kọ eléyìí, Mọ́mì wà lójúde, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì mi, ó dé fìlà mi, ó ń fi fóònù han Àǹtí Ìbàdàn bóun ṣe rí. Ṣé ẹ̀ ń rí i bó ṣe ń yan? Aládùúgbò wa tó jẹ́ sójà ń kọjá lọ, ó dúró, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. Mọ́mì gbé àyà síwájú, ó gbọ́wọ́ síwájú orí, ó dá a lóhùn.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe lè sọ lọ, tó sì mọ ìbọn yìn jù yín lọ,

Èmi náà ni.