Àlìkámà Tí Mo Sè fún Bàbá ní Becontree

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, orúnkún mi méjèèjì sì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ kú ìrọ́jú látìgbà tí Bàbá ti fi wá sílẹ̀. Mo kí Kọ́lá àbúrò mi, tó ń ṣe iṣẹ́ tèmi mọ́ tirẹ̀ nínú ilé. Mo kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará ìjọ wa tí ẹ máa ka lẹ́tà yìí kí ó tó dé ọwọ́ ìyá mi. Ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ inú ilé wá síta. Oṣù kẹsàn-án rèé tí fóònù mi ń dún lọ́dọ̀ Màámi tí wọn kò gbé e. Kọ́lá ló sọ fún mi pé ìwé ìròyìn ìjọ ni wọ́n ṣì ń kà láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, títí kan ibi tí wọ́n ti ń polówó àga ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wá bẹ olóòtú pé kó bá mi wá àyè díẹ̀ níbẹ̀.

Màámi, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí tí mi ò fi wá síbi ìsìnkú ọkọ yín, kí ẹ sì gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ oúnjẹ ná, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èmi àti Bàbá wà.

Ẹ rántí pé ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí ìsìn bá ti parí, Bàbá á gbé fóònù lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má yọ àwọn lẹ́nu. Ẹ máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ńlá là ń sọ. Oúnjẹ ni o. Ọkọ yín tó máa ń bá yín fa wàhálà bí iyọ̀ ọbẹ̀ bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti àná, òun ló máa ń bi mí léèrè ohun tí àwọn ará Bùlgáríà jẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n á ní kí n má fo nǹkan kan, kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìkòkò.

Yàrá òkè ni mo háyà nílé Màmá Donka, opó ará Bùlgáríà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwọn ilé Becontree, àdúgbò wa ní London níbí, jọra débi pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ki kọ́kọ́rọ́ mi bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Màmá Donka kì í rẹ́rìn-ín lásán. Kì í sì í ra ohunkóhun ní ṣọ́ọ̀bù tó bá ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ròyìn fún Bàbá ni boza. Jéró ni Màmá Donka fi ń ṣe é. Ó máa ń ra jéró náà lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà ní Longbridge Road, á sè é títí á fi rọ̀, á sẹ́ ẹ, á fi ṣúgà sí i, á wá fi sílẹ̀ kó kan fún ọjọ́ méjì. Ó ki, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wàrà pọ̀ nínú rẹ̀, ó dùn lórí ahọ́n, ó sì kan díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Àárọ̀ ni wọ́n ń mu ún, wọ́n á fi jẹ banitsa, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ká wàràkàṣì sínú rẹ̀. Bàbá ní kúnú nìyẹn, pé yálà àwọn Hausa ló gbé e lọ fún wọn tàbí àwọn ló gbé e wá fún Hausa, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́wọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé ìgò kan bọ̀ wálé. Mo ní kò ṣeé gbé rìnnà, pé á wú, á sì bẹ́ ìgò. Wọ́n ní kí n máa bá àwọn mu ún nígbà náà.

Nígbà tí tàtàṣé bá pọ̀ lọ́jà, Màmá Donka á ra àpò méjì. Ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó dà bí ìkòkò kékeré, iná mànàmáná ló ń lò, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì mọ̀: kó sun tàtàṣé. Ẹ ò rí i pé orílẹ̀-èdè tó ṣe ẹ̀rọ fún ata nìkan kì í ṣe orílẹ̀-èdè tó yẹ ká fojú kéré. A jókòó sí àgbàlá ẹ̀yìn, à ń sun ata, à ń bó èèpo rẹ̀, òórùn náà sì gba gbogbo òpópónà. Ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tòmátì àti ìgbá elésè àlùkò, ó gbé e kaná, ó sì ní kí n máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Lyutenitsa ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń fi í jẹ búrẹ́dì. Mo béèrè ibi tí ata rodo wà. Ó ní kò sí rodo nínú rẹ̀. Nígbà tó kọjú síbòmíràn, mo ju méjì sí i. Ó tọ́ ọ wò, ó wo ìkòkò, ó wo èmi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún gé búrẹ́dì sí i. Ó wá ní ká ní abúlé òun ni, wọn ì bá lé mi jáde, ṣùgbọ́n kí n fi mẹ́ta sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí mo sọ èyí fún Bàbá, ẹ̀rín pa wọ́n débi pé ẹ jáde wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni.

Màámi, ẹ̀rín yẹn ni mo fi ń la ìgbà òtútù já. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Mo máa ń bọ̀ láti Longbridge Road, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ọwọ́ mi á ti kú tipiri nínú ìbọ̀wọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá àgbà tí mò ń wẹ̀ fún, orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà kí n tó dé ló fi ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Bí mo bá wọlé, màá bá ọbẹ̀ trahana lórí tábìlì. Ìyẹ̀fun ni wọ́n pò pẹ̀lú wàrà kíkan, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì rún, bí ìgbà tí ẹni kan fẹ́ ṣe ògì tí ẹlòmíràn sì yí i lérò padà sí èlùbọ́. Ara mi á wá móoru. Àgbá kan tún wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì, odindi kábéèjì ló rẹ sínú omi oníyọ̀ nínú rẹ̀. Lójoojúmọ́ Màmá Donka máa ń fa omi náà jáde nísàlẹ̀, á sì dà á padà lókè kó má baà bàjẹ́. Omi yẹn ni wọ́n ń mu láàárọ̀. Bàbá ní omidùn ni, kò sí ohun tuntun níbẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àsálà òyìnbó tútù tí èèpo rẹ̀ kò tíì le ni a máa ń bó, tí a ó sè nínú ṣúgà títí yóò fi dúdú kirikiri. Ó dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ṣùgbọ́n oje rẹ̀ kì í fọwọ́ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo wọ aṣọ funfun lọ sí ìsìn níbí pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, ìyá wòlíì sì wo ọwọ́ mi títí, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá mi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Gbogbo ìyẹn ni mo sọ fún Bàbá. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mi ò sọ.

Oṣù tí mo kó dé ilé yìí, lọ́jọ́ Sátidé kan, Màmá Donka fún mi ní ife kan. Àlìkámà sísè ni, ó fi ṣúgà sí i, ó lọ àsálà òyìnbó sí i, ó sì bu bisikíìtì rírún lé e lórí. Ebi ń pa mí. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì ṣe bí ẹ ṣe kọ́ wa: ẹni tó bá bu oúnjẹ dídùn fún èèyàn, àdúrà ló kàn. Mo ní Ọlọ́run á jẹ́ ká máa rí irú rẹ̀ jẹ lóòrèkóòrè nínú ilé yìí. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ kò ní dẹ́kun àtisè é. Mo ní a ó tún jẹ ẹ́ kí oṣù tó parí. Èèbó ni mo fi gbà á kó lè yé e dáadáa.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó jókòó. Ó wá ṣàlàyé fún mi díẹ̀díẹ̀ pé ọmọ òun ọkùnrin ni òun sè é fún, pé alùpùpù ló pa á ní ọmọ ọdún méjìlélógún. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni àwọn ní Sátidé àwọn òkú, àlìkámà sì ni àwọn ń sè, tí àwọn ń pín fún ẹni tí àwọn mọ̀ àti ẹni tí àwọn kò mọ̀, bí àwa ṣe ń ṣe sàráà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kì í dúpẹ́. Ó kàn máa sọ pé kí Ọlọ́run dárí ji ẹni tó lọ. Màámi, mo wólẹ̀ lórí ilẹ̀ kíṣíìnì yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó pààyàn. Ó fà mí dìde, ó tún bu òmíràn fún mi, ó ní kí n gba àdúrà tó yẹ. Mo gbà á. Mi ò ròyìn rẹ̀ fún Bàbá, torí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin, mi ò sì fẹ́ ká jọ máa sọ̀rọ̀ oúnjẹ òkú lọ́jọ́ Àìkú.

Ọyẹ́ ló mú Bàbá lọ. Ẹ̀kọ ọ́ọ̀tì wà lórí iná nínú ilé ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú nígbà tí Kọ́lá pè. Mo sọ fún yín pé ọ̀gá mi kò fún mi láyè. Irọ́ ni, Màámi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀gá mi fún mi, èmi kò tilẹ̀ tíì béèrè. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ìwé ìgbélùú mi ṣì wà níwájú ìjọba. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ jáde kúrò nílùú yìí kí èsì tó dé, ìwé náà kú nìyẹn, kò sì sí ọ̀nà àtipadà. Bẹ́ẹ̀, mo ti sọ fún yín ṣáájú pé ìwé mi ti jáde. Ẹ ti ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jó, Kọ́lá fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ojú tì mí láti sọ pé ohun tí ẹ dúpẹ́ lé lórí kò sí.

Mo yan ìwé ju Bàbá lọ. Mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mi ò lọ síbì kankan, Màmá Donka sì ń gbé ọbẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo wo ìsìnkú náà nínú fóònù, Kọ́lá ló gbé tirẹ̀ sókè níbẹ̀ fún mi. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n pe àkọ́bí kó wá da erùpẹ̀. Mo rí yín tí ẹ yíjú wò yíká bí ẹni pé mo lè wà lẹ́yìn àwọn èèyàn, kí ẹnì kan tó sọ̀rọ̀ sí yín létí. Mo rí ojú yín lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹnì kan tó dé láti London sọ fún yín pé kò sí ibi iṣẹ́ tí kì í fúnni láyè láti lọ sin bàbá ẹni níbí. Ẹ ní kí Kọ́lá sọ fún mi pé ẹ ti sin ọkọ yín tán, kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi.

Sátidé àwọn òkú méjì kọjá lẹ́yìn ìyẹn, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ̀kẹta tó pé lóṣù yìí, Màmá Donka kan ilẹ̀kùn, ó béèrè orúkọ bàbá mi, kó lè kọ ọ́ mọ́ ti ọmọ rẹ̀ fún àlùfáà wọn láti kà. Mo kọ ọ́: Adébáyọ̀. Ó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣan àlìkámà, bí wọ́n ṣe ń sè é títí á fi là, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun kó gbẹ kí ṣúgà tó kàn án. Mo bù ú sínú ife, mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin Upney. Àwọn kan gbà, àwọn kan ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á sọ ohun tí mo ní kó sọ, pé kí Ọlọ́run dárí jì í. Lórí ẹnì karùn-ún, mi ò lè sọ ọ́ mọ́. Kí ni Bàbá ṣe? Ta ni Bàbá ṣẹ̀? Mo jókòó sórí ògiri kúkurú tó wà níbẹ̀, mo sunkún títí ara fi ń ti àwọn èèyàn tó ń kọjá.

Mo bi Màmá Donka bóyá èèyàn lè sè é fún ara rẹ̀. Ó ní rárá, wọn kì í sè é fún alààyè. Ó ní bàbá mi kọ́ ló yẹ kí n máa bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí n lọ sọ́dọ̀ ẹni tí mo ṣẹ̀ tó ṣì wà láyé.

Ìwé mi ti jáde báyìí, Màámi. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́ kankan lé e lórí. Mò ń bọ̀ wálé kí ọdún tó parí. Mi ò ní sọ ọjọ́ náà fún Kọ́lá, kó má baà di pé wọ́n ń bá mi bẹ̀ yín ṣáájú.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Kí ọjọ́ alẹ́ yín dára, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín fúyẹ́, kí oorun yín wá padà. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò, àti ẹni tó sọ òtítọ́ fún yín nípa mi, mi ò bínú sí i.

Bí ẹ bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lè ṣépè, ẹ lè lù mí, ẹ lè ti ilẹ̀kùn kí n sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín, Màámi: ẹ má kí mi káàbọ̀ bí àlejò, kí ẹ wá gbé omi fún mi nínú ife àwọn àlejò.

Èmi ni ọmọ yín, ẹni tó parọ́ fún yín,
Fọláṣadé.