À Ń Dúró De Bàlúùnù

Ìyá Múyìwá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le koko, ọkàn mi sì balẹ̀. Ọmọ wa ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi yí Amẹ́ríkà ká. Lánàá, a dé pápá kan tí wọ́n ti ri orí àwọn mọ́tò àtijọ́ mọ́lẹ̀, tí ìdí wọn wà lókè. Àwọn àlejò máa ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sí wọn lára. Orúkọ tìẹ ni mo kọ, mo sì kọ Ẹdẹ sábẹ́ rẹ̀.

Múyìwá mọ bí wọ́n ṣe ń múra ìrìn-àjò. Ìkòkò, áyọ́ọ̀nù, títí kan sàtífíkéètì tó gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú búùtù.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún bàlúùnù ńlá tó ń gbé èèyàn fò la wà báyìí. Ó di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó ṣe é, oṣù kẹfà la sì ṣì wà; àwa nìkan la wà níbẹ̀. Múyìwá ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúró dè é.” Mo ní mi ò kánjú.

Sọ fún àbúrò rẹ ní Sekona pé kó má tíì fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí ilé Múyìwá. Bá mi kí gbogbo ìjọ. Tí Múyìwá bá pè ọ́, má bèèrè ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàlúùnù ni kó o bèèrè.

Ọkọ rẹ,
Bàbá Múyìwá