Ìyókù Gbèsè Ọmọ Mi

Èmi, káfíńtà àgbà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Bá-mi-fọwọ́-sí-i, ni mo ń sọ ìfẹ́ inú mi sílẹ̀ níhìn-ín. Ara mi kò le mọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá bá mi wọn pákó. Ọmọbìnrin mi ni mo yàn pé kó mú ìhágún yìí ṣẹ.

Èkíní: Ilé yìí di ti ọmọbìnrin mi àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọgbọọgba. Kò sí gbèsè lórí rẹ̀.

Èkejì: Ayùn, òòlù àti ìfági mi di ti ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́. Kó má yá ẹnikẹ́ni. Kí télọ̀ ojúlé kejì mú ewúrẹ́ mi. Ewúrẹ́ náà kúkú ti ń jẹ aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ẹ̀kẹta: Bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ fún ẹni tó bá fẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ déédéé, bẹ́ǹṣì yìí kì í ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó kọ́lé ní báńkì tàbí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá onídùúró wá. Wọ́n á bá mi tàkúrọ̀sọ dáadáa kí wọ́n tó yọ fọ́ọ̀mù pé kí n bá àwọn fọwọ́ sí i. Àwọn kan sá lọ, mo sì san gbèsè wọn. Nígbà tí ọjà gbówó lórí, àpò ẹgbẹ́ gbẹ, báńkì sì fi èlé kún èlé. Owó oúnjẹ àti owó ilé ni àwọn èèyàn wá ń yá, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń yá a. Èlé ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, àmọ́ wọn kì í béèrè onídùúró. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Àárò àwọn ajigbèsè yẹn ń sọ mí.

Ẹ̀kẹrin: Sí ọmọkùnrin mi. O fẹ́ fi ilé yìí dógò ní báńkì kí o lè ra ọkọ̀ akẹ́rù, mo sì kọ̀. O ní, "Gbogbo àdúgbò lẹ dúró fún, Bàbá. Èmi ọmọ yín nìkan lẹ ò dúró fún." O jáde, o sì pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ. Èlé ọdún yẹn ì bá gba ilé mọ́ ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́. Mi ò kábàámọ̀ ìṣirò náà. Ìwọ ni àárò rẹ ń pa mí.

Ẹ̀karùn-ún: Ọmọbìnrin mi, ìwọ ni mò ń bá sọ èyí. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ayánilówó orí fóònù pè mí. Àbúrò rẹ yáwó, kò rí i san, ó sì kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹbí rẹ̀. Mo sunkún ayọ̀. Wọn kò gbà láti fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ tuntun, àmọ́ ọmọdébìnrin tó ń bá wọn sin owó náà máa ń sọ ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ fún mi. Ó ní àbúrò rẹ ń bá ẹnì kan wakọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní àbúrò rẹ tọrọ àyè sí i nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí mo ṣe gbọ́ pé mo ní ọmọ-ọmọ nìyẹn.

Owó tó lè san gbogbo gbèsè náà wà nínú àpótí aṣọ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń san án, nítorí lọ́jọ́ tí mo bá san án tán, wọn kò ní pè mí mọ́. Mo mọ̀ pé ìwà àgbàyà ni. Bí mo bá ti kú, san ìyókù lọ́jọ́ náà gan-an. Kí o wá bẹ ọmọdébìnrin yẹn kó pe àbúrò rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sọ fún un pé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́, kó máa bọ̀ nílé.

Mo fọwọ́ sí i lónìí, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ọdún 2024.
Káfíńtà àgbà, Bàbá Bá-mi-fọwọ́-sí-i.

Ẹlẹ́rìí kìíní: akọ̀wé agbẹjọ́rò.
Ẹlẹ́rìí kejì: ọkùnrin tó wá wo mítà iná.