Morẹ́nikẹ́ Kò Já Orin Gbà Lẹ́nu Ẹnikẹ́ni

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Dùgbẹ̀ níhìn-ín. Mo kí Ìyá mi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Àjàyí àti ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ṣé ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ti fúyẹ́? Ara mi le. Àpò kòkó ni mo ṣì ń tò ní sítọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, eruku rẹ̀ kì í sì í tán nímú ẹni.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Gbangba ni wọ́n ti bú ọmọ yín, n kò sì ní dáhùn ní kọ̀rọ̀.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán Múfú awakọ̀ sí mi. Ẹ ní Morẹ́nikẹ́ àbúrò mi ti di aláfojúdi, pé ó já orin gbà lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ lójú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Àjíǹde, pé kí n fi í sínú ọkọ̀ ní Sátidé kó máa bọ̀ nílé, kó má sì kọrin mọ́. Mo mọ ẹni tó sọ fún yín. Alàgbà ìjọ ilé wa ni, ẹni tó wá bá ọmọ rẹ̀ ṣọdún níbí. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí lọ́jọ́ náà, ó sì ti sùn kí ìwàásù tó parí.

Bó ṣe rí rèé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa níhìn-ín, obìnrin kì í wọ aṣọ funfun akọrin, kì í sì í bá wọn jókòó níwájú. Àwọn ọmọkùnrin tí ohùn wọn kò tíì fọ́ ló ń kọ ohùn òkè tí wọ́n ń pè ní tírébù. Obìnrin tó bá mọ orin á jókòó sí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìró àti bùbá rẹ̀, á máa ti àwọn ọmọ náà lẹ́yìn bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ aṣọ rírán ló gbé Morẹ́nikẹ́ wá sí Ìbàdàn. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti ń kọrin tí ọ̀gá tó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì fi dúró lójú ọ̀nà. Ó ní sopuránò ni wọ́n ń pe irú ohùn obìnrin tó ga bẹ́ẹ̀, pé lókè òkun, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń fi í ṣe. Ọdún kejì rèé tó ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí láti ìsàlẹ̀ ikùn àti bí wọ́n ṣe ń la ẹnu. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ń gbé ohùn lọ sókè sódò nínú yàrá, àwọn ará ilé sáré wọlé, wọ́n rò pé òkú ló kú fún wa. Ìyá Rábì, aládùúgbò wa, ti ń sunkún bá wa kẹ́dùn ká tó là á yé e. Nígbà tó yé e, ó ní ẹ̀yin ará Èkìtì yìí, èwo ni ẹkún yín, èwo ni orin yín? Lónìí, òun ló ń kan ilẹ̀kùn bí Morẹ́nikẹ́ bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá dùrù fẹ́ kí ó dá orin ọjọ́ Àjíǹde kọ. Ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀, wọ́n ní obìnrin kì í dá kọrin níbẹ̀. Wọ́n gbé orin náà fún ọmọkùnrin ọ̀kan nínú wọn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohùn ọmọ náà ti ń fọ́, àfi bàbá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó dé ibi tó ga, ohùn já, ó di ti àkùkọ. Ó tún gbìyànjú, ó tún já. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá mi, Morẹ́nikẹ́ kò dìde. Níbi tó jókòó sí ló ti rọra gbe orin náà lẹ́sẹ̀, kó má baà ṣubú. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló yíjú sí i, tó nawọ́ sí i pé kó dìde. Ìgbà yẹn ló tó dìde, tó sì kọ ọ́ parí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà wá dúpẹ́ nílé wa. Ta ló wá já kí ni gbà lọ́wọ́ ta?

Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pè é, èmi ni mo sìn ín lọ. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ níwájú ìjọ kó tọrọ àforíjì. Mo ní n kò gbà. Bàbá ọmọ náà bi mí bóyá a kò ní bàbá nílé ni. Mo ní a ní, òun ló sì kọ́ wa pé bí ẹrù bá ń já lórí ẹnìkan, ká dì í mú. Ó bèèrè iṣẹ́ mi, mo sọ ọ́. Ó ní ta ni atòkòkó tó ń sọ̀rọ̀ orin? Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n etí tí mo fi gbọ́ ti ọmọ yín, kì í ṣe inú àpò kòkó ni mo ti hú u. Wọ́n lé wa jáde. Òjò pa wá délé.

Tiwọn kọ́ ló dùn mí jù. Ẹ̀yin lẹ bí wa, ẹ kò sì bi wá léèrè. N kò ní pa òwe tó wà fún ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní òwe náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ará ilé rédíò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ní kí Morẹ́nikẹ́ wá kọrin fún àwọn ní ìparí oṣù, kí wọ́n gbọ́ bóyá wọ́n lè gbà á síṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni irú rẹ̀ ń wá.

Síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ yín dé, ọmọ yín gbọ́ràn. Ó di àpótí rẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀ Múfú ní ìdíkọ̀. Èmi ni mo gun ọkọ̀, tí mo gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀, tí mo fà á lọ́wọ́. Múfú ń pariwo pé kí ni kí òun sọ fún Bàbá. Mo ní kó sọ pé èmi ni. Nítorí náà, èmi ni kí ẹ bínú sí.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò kọrin. Ó ń dáná, ó ń ránṣọ, ó ń kí mi láàárọ̀. Yàrá wa dákẹ́ débi pé ìlú yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣe mí bí àjèjì. Ọ̀gá dùrù bẹ̀ ẹ́ títí. Morẹ́nikẹ́ ní ẹ̀gbọ́n òun lè gbé àpótí sọ̀kalẹ̀, kò lè gbé ọ̀rọ̀ Bàbá kúrò nílẹ̀. Inú bí mi, ṣùgbọ́n kò parọ́. Ẹ mọ agídí mi. Agídí mi kò lè la ẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ tì í, ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣí i. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré lẹ fi rán ẹnìkan, ó tó.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ìyá mi kò ní sunkún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, ẹ sì bá mi kí Alàgbà náà, kó má baà tún ròyìn pé n kò kí òun.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣàìgbọràn, tó ń bẹ̀ yín nítorí èyí tó gbọ́ràn,
Ọlájídé.