Ilé Tí Ẹ Rà fún Mi ní Zhengzhou

Màmá mi,

Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ wá wo ilé tí ẹ̀yin àti Bàbá fi owó ìfẹ̀yìntì yín rà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì ní sùúrù. Àwọn kọ́lékọ́lé tó pa ilé náà tì láìparí ò tíì padà síbi iṣẹ́, fèrèsé ò sì tíì sí, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí mò ń gùn dé àjà kejìdínlógún ti mú ẹsẹ̀ mi le. Aládùúgbò mi, Àǹtí Qiao, ní, "Àbúrò, ta ló ń wá fáànù? Ọ̀fẹ́ latẹ́gùn tiwa!"

Ẹ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ yín dé, ayọ̀ ò jẹ́ kí ẹ sùn. Lọ́jọ́ tí mo kó wọlé, mo jókòó, mò ń retí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ títí oorun fi gbé mi lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ìsinmi layọ̀ báyìí. Mo sinmi lọ́jọ́ Àìkú, n kò rí nǹkan kan.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé inú mi dùn. Bó bá ti ẹnu yín jáde, wọn á gbà á gbọ́.

Ọmọ yín,
Yunxia