Ìdí Tí Mùs'áb Fi Ń Gun Òkè

Ẹ̀gbọ́n mi Jímọ̀,

Àsàláámù àlékúmù. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín, mo kí Màmá àti gbogbo ará ilé ní Ìrágbìjí. Ara wa le ní Onitsha. Ibà Khàdíjàh ọmọ wa ti lọ, aṣọ sì ń tà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ní Màmá gbọ́ pé Mùs'áb ọkọ mi ń dá sọ̀rọ̀ lórí òkè, pé kí n kó àwọn ọmọ wálé. Ẹ̀rù ba èmi náà, ni mo bá tẹ̀ lé e gun òkè kan ní Údì ní Sọ́ńdè tó kọjá. Ó ta wáyà sórí igi, ó so ó mọ́ rédíò kékeré kan tí wọ́n fi ń bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀, tí ìjọba fún un níwèé àṣẹ láti lò, ó wá ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́. Ó ní orí òkè ni ohùn ti ń rìn jìnnà. Àfi bí ọkùnrin kan ṣe dáhùn láti Gánà! Mùs'áb gbé ẹ̀rọ náà sí mi lẹ́nu. Mo pariwo pé, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ará Gánà náà ní, "Madam, I dey hear you well well!"

Ẹ̀gbọ́n mi, mo jó lórí àpáta.

Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé orí ọkọ mi pé. À ń bọ̀ ní Iléyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹni tó mọ ọ̀nà òkè ẹ̀yìn ilé yín sílẹ̀ dè wá. Èmi náà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo rédíò náà, èmi ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ fi pe èèyàn láti orí òkè yẹn.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, kó fi ayọ̀ pàdé wa.

Àbúrò yín,
Nàfísàt