Fótò Ìyá Sàlámì fún Ìwé Ìtàn

Ùsì-Èkìtì,
Oṣù Kẹta, 1962.

Kùdírátù ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Ìbàdàn níbẹ̀. Ara mi le, eyín mi nìkan ni kò le. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì. Akọ inú wọn gùn lọ́rùn bí ọkọ rẹ, má jẹ́ kí ó rí lẹ́tà yìí.

O kọ̀wé nígbà yẹn pé ẹ̀ ń ṣe ìwé kan tí yóò fi àwọn èèyàn pàtàkì ayé àtijọ́ han àwọn ọmọ ilé-ìwé, pé kí n mú ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Sàlámì, lọ ya fótò ní Ìdó kí òun náà lè wà níbẹ̀. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Ó bi mí pé àwọn wo ló tún wà nínú ìwé ìtàn. Mo yá ti ọmọ Àlímì, aládùúgbò wa, mo ṣí i fún un. Ó ní ọba yìí ńkọ́, mo ní ó ti kú. Jagunjagun yìí ńkọ́, mo ní òun náà ti kú. Òyìnbó yìí ńkọ́, mo ní ó ti pẹ́ tó ti lọ. Ó ní òkú ló kún ibẹ̀, ta ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àárín wọn? Ó ní kí o ní sùúrù, bí òun bá ti yẹ, òun á wá. A jọ rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rò ó, n kò rí alààyè kan nínú ìwé yẹn lóòótọ́. A kò lọ sí Ìdó mọ́.

Bí wọ́n ti ránṣẹ́ sí ọ, ó kú lóṣù tó kọjá. O kú ìrọ́jú. Ó ti wá yẹ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kò sí ojú tí ayàwòrán yóò yà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun.

Èyí tí mo mọ̀ nìyí, kọ ọ́ dáadáa. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tó jà lẹ́yìn ogun Jámánì àkọ́kọ́, gbogbo ilé ló tìlẹ̀kùn, ìyá ń sá fún ọmọ. Òun nìkan ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná káàkiri. Yóò gbé abọ́ sẹ́nu ọ̀nà, yóò wá máa bú aláìsàn pé bí ó bá kú, ta ni yóò fọ abọ́ òun? Èmi náà wà lórí ẹní, mò ń gbọ́ èébú náà. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kú. Ó mọ orúkọ gbogbo àwọn tó bọ́, àti ti àwọn tí kò sí mọ́ nígbà tó fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. N kò mọ̀ wọ́n. N kò bi í.

Gbogbo Ùsì ló mọ̀ pé imú kan náà la jọ pín. Nítorí náà mo wé gèlè rẹ̀, mo wọ bùbá rẹ̀, mo wọkọ̀ lọ sí Ìdó, Táyọ̀ ayàwòrán sì yà mí; ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí ó rí ẹ̀rọ rẹ̀ dì mú. Fótò náà wà nínú àpòòwé yìí. Sọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé pé kí wọ́n bá mi fá irùngbọ̀n yẹn níbẹ̀, abẹ ilé ti kú. Bí wọn kò bá lè lò ó, dá a padà fún mi, torí nígbà tí Táyọ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́, mo ti dọ̀bálẹ̀ kí i kí n tó rántí pé èmi ni.

Jọ̀wọ́, fi owó Táyọ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún sàárà ogójì ọjọ́. Kí o fẹsẹ̀ ara rẹ wá pẹ̀lú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìbéèrè kún ẹnu rẹ lọ́jọ́ tí ẹni tí yóò dáhùn kò bá sí nílé mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùsàrí.